Ẹ̀rín Bàbá Òbúkọ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àgbàlagbà ṣe ń ya wèrè lọ́sàn-án gangan, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá kàtúùnù tí wọ́n ń wò ní kékeré padà fún wọn. Ọjọ́ tí Abúlé Ológoṣẹ́ jáde lákọ̀tun sórí YouTube, àwọn Yorùbá Chicago ò ṣiṣẹ́, wọn ò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ṣíìfù ń fi ohùn ránṣẹ́ sínú gúrúùpù WhatsApp, ó ń sunkún. Ẹnìkan ní Richton Park ní ẹ̀gbẹ́ títì lòun gbé ọkọ̀ sí kí òun tó lè wò ó tán. Ẹlòmíràn ní wọ́n ti bà á jẹ́ pátápátá: ta ló wọ ṣòkòtò jíǹsì fún ológoṣẹ́? Wọ́n jà lórí ṣòkòtò ẹyẹ títí ẹni tó ni gúrúùpù fi tì í pa fún ìgbà díẹ̀. Àgbààyà gbogbo!

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu gbogbo wọn kò lé lórí, ìyẹn ọ̀rọ̀ Bàbá Òbúkọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wò ó nígbà náà á rántí: òbúkọ arúgbó tó máa ń bá gbogbo abúlé jiyàn, tí kì í jàre rí. Bó bá ti fìdí rẹmi tán, á fọwọ́ pa irùngbọ̀n, á ní, "Irùngbọ̀n mi ò parọ́!" á wá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ohùn ọkùnrin náà ò yí padà rárá. Wọ́n ní láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún! Wọ́n ní Ọlọ́run mà ń dá ènìyàn sí o.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ ò sọ nǹkan kan nínú gúrúùpù. Afeezat lorúkọ rẹ̀. Woodridge ló ń gbé pẹ̀lú Abdulqowiyy ọkọ rẹ̀ àti Mutmainnah ọmọ wọn, ó sì ń ta bàtà nínú mọ́ọ̀lù ńlá ní Schaumburg. Àmínù tó fọhùn Bàbá Òbúkọ, bàbá tó bí i lọ́mọ ni. Àmínù kì í ṣe òṣèré. Dírẹ́bà ni ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan n'Ìbàdàn. Lọ́jọ́ tí ẹni tí wọ́n ń retí ò yọjú, ọ̀gá wọn gbọ́ tí dírẹ́bà yìí ń bá mẹ́gáàdì jiyàn níta, tó jiyàn títí, tí kò jàre, tó wá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n bá wọ́ ọ wọlé tòun ti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Bó ṣe di òbúkọ nìyẹn. Ládùúgbò wọn, "Ọmọ Òbúkọ" ni wọ́n ń pe Afeezat, ó sì ti tìtorí ẹ̀ ja ìjà tó pọ̀ nílé ìwé.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí àwọn ọmọ kéékèèké ò dá a mọ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ kan ò kúrò lẹ́nu bàbá yìí: "Òbúkọ ti kú, irùngbọ̀n ló kù." Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n Afeezat mọ̀ pé ó ń dùn ún. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Ìbíyínká ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é, tó ń pariwo, "Afee, ṣé o ti rí kọ́méǹtì? Oh my God, Dádì yín! I'm crying at my desk, mi ò parọ́," nǹkan kan ṣoṣo ló wọ Afeezat lọ́kàn. Ó fẹ́ ka gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn sí bàbá rẹ̀ létí, kí bàbá gbọ́ pé ayé ò gbàgbé òun.

Ọjọ́ Àìkú ló tó ráyè wo kàtúùnù náà, òun àti Mutmainnah, lórí àga gbọọrọ. Ọmọ náà ò kúkú gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Òbúkọ jáde, ó bá àkùkọ jiyàn, ó fìdí rẹmi, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó rẹ́rìn-ín. Afeezat dá a dúró, ó tún un gbọ́. Ẹ wò ó, ẹni tó bá ti fi àyà bàbá rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí rí ò lè ṣi ohùn ẹ̀ mọ̀. Bí Àmínù bá rẹ́rìn-ín tán, á fa èémí sínú láti imú, "hìn-ín," bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀rín náà padà. Kò sí ìgbà tí kì í ṣe é. Òbúkọ tuntun yìí rẹ́rìn-ín dáadáa, àmọ́ kò fa èémí.

"Hakeem!" ni Afeezat ké. Àbúrò rẹ̀ ni Hakeem, sínsín ènìyàn jẹ ló bá wáyé. Láti kékeré ló ti ń fi ohùn bàbá wọn dẹ́rù ba àwọn ọmọ ilé. Àṣé Dádì ti fa òbúkọ lé ọmọ lọ́wọ́, wọn ò sì sọ fún òun, kó lè ya òun lẹ́nu! Inú ẹ̀ dùn. Ó ń fi gbogbo gúrúùpù ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ara ẹ̀: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ohùn ò yí padà, ẹ kú etí o.

Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó gba bréèkì, ó wọ yàrá tí wọ́n ń kó bàtà sí lẹ́yìn ìsọ̀, ó pe nọ́ńbà Dádì. Afeezat kì í jókòó bá bàbá ẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ orí fóònù, orúnkún á kanlẹ̀ kó tó lè kí i. Marvin, mánéjà wọn, rò pé ó ń kírun ni, á máa rọra bá a ti ilẹ̀kùn.

"Dádì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."

"Afeezat, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà. Dádì, ẹ jẹ́ n ka ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa yín."

Ó kà á. Ẹnìkan ní bàbá òun kì í rẹ́rìn-ín nínú ilé àfi bí Bàbá Òbúkọ bá ń sọ̀rọ̀. Obìnrin kan ní ohùn yẹn lòun fi kọ́ Yorùbá. Ẹlòmíràn ní, "Bí ọkùnrin yìí bá ṣì wà láyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé mo dúpẹ́."

Dádì rẹ́rìn-ín lórí fóònù, ẹ̀rín gígùn tó dùn létí. Afeezat ń dúró de èémí. Èémí ò dé.

Lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ ló ti mọ̀. Kí ló tún kù tí ọmọ Yorùbá tó wà lókèèrè á máa bèèrè? Ìdí kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gbé ohùn ẹlòmíràn wọ̀ torí ọmọ. Wọn kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn lórí fóònù, níbi tí kò sí ẹni tó máa dì í mú. Wọ́n á kọ́kọ́ wá àgbà tó máa lọ bá a nílé. Títí dìgbà yẹn, gbogbo ẹbí á máa parọ́, wọ́n á ní ìfẹ́ ni. Ó wá ń rántí wọn níkọ̀ọ̀kan. Kámẹ́rà fóònù Dádì tó ṣàdédé bàjẹ́. Hakeem tí kì í gbé fóònù tiẹ̀ mọ́. Abdulqowiyy tó ń se ọbẹ̀, tó ń fọ abọ́, tó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ tó ní òun á máa gbé e lọ síbi iṣẹ́, ọkùnrin tí kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

"Afeezat? Ṣé o wà níbẹ̀?" ni àbúrò rẹ̀ fi ohùn bàbá wọn bèèrè.

"Mo wà níbí, sà."

Ó rọra dìde. Ẹ̀gbọ́n kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò. Ó gbọn eruku orúnkún ẹ̀ nù, ó jókòó sórí páálí bàtà, ó ní, "Ẹ jẹ́ n ka èyí tó kù, sà."

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, àmọ́ kò sunkún. Ó padà sínú ìsọ̀, ó bá ìyá arúgbó kan wá bàtà aláwọ̀ búlúù, ó bá a so okùn ẹ̀. Ìyá náà ní ẹ̀rín ẹ̀ dára. Inú Afeezat rí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí dókítà eyín ti gún lábẹ́rẹ́: ó mọ̀ pé ojú ọgbẹ́ wà níbẹ̀, ó fọwọ́ kàn án, kò dùn ún. Nígbà tí Abdulqowiyy wá gbé e, ó bi í pé báwo ni Dádì. Ó ní wọ́n wà dáadáa. Ọkọ wo títì, ìyàwó wo títì. Wọ́n tan ara wọn dé Woodridge.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti bi í lẹ́yìn ìgbà náà pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó ní ikú tí wọn ò tíì túfọ̀ rẹ̀ féèyàn ò tíì di tèèyàn. Ó ní bí òun bá fẹnu ara òun sọ ọ́, á dà bí ẹni pé òun lòun pa á. Àti pé Hakeem ńkọ́? Àwọn àgbà ilé ló di ẹrù yẹn lé ọmọ lórí. Bí òun bá já a níbẹ̀, ojú á gbà á tì. Nítorí náà, ó ń pè. Ojoojúmọ́ ni àwọn olólùfẹ́ kàtúùnù ń kọ̀wé, ojoojúmọ́ ló sì ń kà á, ó ń fi "ẹ" àti "sà" bá àbúrò tó pọ̀n sẹ́yìn rí sọ̀rọ̀. Ìbíyínká ní, "Afee, please, Dádì lè bá wa sọ̀rọ̀ lórí Zoom? Just five minutes." Ó ka ìyẹn náà. Ohùn Dádì ní ẹsẹ̀ ń dun òun.

Oúnjẹ ò dùn, kò sì korò. Ó ń kírun, ẹnu ẹ̀ ń lọ, ọkàn ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Bó bá dórí àdúà, kò mọ̀ bóyá àárín alààyè ni kó ti dárúkọ Dádì ni o, tàbí àárín òkú, ló bá ń fo orúkọ náà. Ìyẹn nìkan ló ń bà á lẹ́rù.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, aago ẹnu ọ̀nà dún. Alhaji Bádéjọ ni, àgbà ẹgbẹ́ àdúà wọn, tó wa ọkọ̀ wá láti Richton Park nínú yìnyín, òun àti Alhaja Sẹ̀kínátù ìyàwó rẹ̀. Alhaja ti so ìborùn mọ́ ìdí bí ẹni tó fẹ́ jìjàkadì. Afeezat wo ìborùn yẹn, ó ní nínú ara ẹ̀ pé: ẹ káàbọ̀, ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbé omi wá. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan omi.

Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ rìn yí ká. Ó sọ ti òtútù, ó sọ ti ojú ọ̀nà, ó ní kò sí ẹni tó wá sáyé tí kò ní padà, ó ní àwọn ànábì gan-an lọ. Afeezat lè gbà á sílẹ̀, ó lè ní, "Mo ti mọ̀, sà." Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí àgbà jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

"Ọmọ mi, Dádì ti lọ síbi tí àgbà ń rè. Ọjọ́ mélòó kan kí kàtúùnù yẹn tó jáde ni. Wọ́n sin wọ́n dáadáa, lọ́jọ́ náà gan-an."

"Mo gbọ́, sà. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá."

Alhaja ti fò dìde dì í mú. Ẹni tó dì mú dúró gbọin. "Sunkún, ọmọ mi," ni Alhaja ń sọ, ó ń mì í. "Sunkún!"

"Kò wá ni, mà."

Abdulqowiyy ló ń sunkún, ó ń ní kó má bínú, wọ́n ní òun ò gbọdọ̀ sọ. Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí fóònù dún lórí tábìlì, tí Mutmainnah sáré tẹ̀ ẹ́, tí ohùn gba gbogbo pálọ̀. Kò sí ẹni tó tíì ráyè sọ fún Hakeem pé wọ́n ti túfọ̀.

"Afeezat! Irùngbọ̀n mi ò parọ́ o!" Ó bú sẹ́rìn-ín.

Tẹ̀sùbáà bọ́ lọ́wọ́ Alhaji. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní wọ́n ti sin òkú! Alhaja ké "Yéè!" ó fẹ́ sá, ó tún rántí pé òun ló yẹ kó di ẹlòmíràn mú.

"Hakeem," ni Afeezat wí. "Ó tó. Wọ́n ti wá."

Ẹ̀rín gé lórí fóònù. Nígbà tí ohùn máa padà jáde, ohùn ọ̀dọ́kùnrin ni, ó tín-ín-rín. "Àǹtí mi. Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kàwé fún ọ. O ò fa èémí."

"Ẹ mọ̀ pé èmi ni, ẹ ṣì ń kà á?"

"Ta ni ǹ bá kà á fún?"

Hakeem bú sẹ́kún. Ó ní láti ọjọ́ ìsìnkú ni wọn ò ti jẹ́ kí òun sunkún, wọ́n ní kí ohùn òun má baà há, ta ló máa wá dá ọmọ Amẹ́ríkà lóhùn? Ó sunkún títí, kò sẹ́ni tó dá a lẹ́kun. Nígbà tó rọlẹ̀, ó ní, "Àǹtí mi, kò ṣòfò o. Gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá kà fún mi, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, mo máa ń lọ síbi sàréè, mo máa ń kà á fún wọn. Ti ẹni tó ní ká bá òun dúpẹ́ yẹn, mo tún un kà."

Afeezat gbé fóònù sún mọ́ ẹnu. Ó wá bi í jẹ́jẹ́ pé, "Ohùn ta lo fi kà á?"

"Tèmi," ni Hakeem wí. "Ohùn tèmi ni, mà."

Orúnkún Afeezat kanlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Dádì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà," ẹkún sì dé, Alhaja Sẹ̀kínátù sì dì í mú.