Ìṣísẹ̀ Mẹ́wàá sí Òkun

Láràárọ̀ ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ yẹn ni Òkìkí, tó jẹ́ tíṣà ní Àkúrẹ́, máa ń gba orí afárá pákó erékùṣù wọn lọ síbi sàréè ìyá rẹ̀ létí òkun. Yóò kí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja, yóò yẹra fún àwọ̀n tí wọ́n sá sórí pákó, àmọ́ ohunkóhun kì í wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Bó bá débẹ̀, yóò fi ìṣísẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ìdí sàréè dé ibi tí omi dé. Ẹbí ti fẹnu kò pé bí ilẹ̀ náà bá ku ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, àwọn yóò hú òkú náà lọ sí Òde Mahin kí òkun má baà gbé e.

Lọ́jọ́ kan, ó ku mẹ́sàn-án. Ìyá Beauty, àbúrò ìyá rẹ̀ tó bá a débẹ̀, kò gbà.

"Ìwọ tó o gùn bí ọ̀pá ọkọ̀, ẹsẹ̀ tìẹ lo fi ń wọnlẹ̀? Yàgò fún mi jàre!"

Obìnrin kúkúrú náà ká ìró rẹ̀ sókè, ó ń rọra ṣísẹ̀. "Mẹ́tàlá! Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì ní lọ síbì kankan."

Ìgbì kan wá, ó pa ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rin tó gbẹ̀yìn rẹ́. Àwọn méjèèjì ń wò ó. Òkìkí retí kí omi bọ́ lójú òun, kò bọ́.

"Ìyá, ọkọ̀ ta la máa fi gbé wọn?"

Ìyá Beauty sọ ìró rẹ̀ kalẹ̀. "Ti Kàsúmù. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ràn ariwo."