Oògùn Gbòǹgbò Tí Gọ́tà Mu

Ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti ń pe obìnrin yìí ní Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, àmọ́ ó ti mọ́ ọn lára débi pé bí wọ́n bá fi orúkọ ilé pè é, ó lè máà dáhùn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣí ọmọ tòmátì àti ọmọ ata kúrò nínú tìréè tí wọ́n ti hù, kó máa gbìn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá dúdú, kó sì tọ́jú wọn títí wọ́n á fi lágbára tó èyí tí olóko lè wá kó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ni ọgbà náà, ṣùgbọ́n abẹ́ àtíbàbà onínẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn, ìjọba tirẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun ọ̀sán, ibẹ̀ ló ti ń bá ewé sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ ìkókó lẹ́kún.

Àfi bí nǹkan ṣe yí bírí lọ́dún yìí. Nínú ẹgbẹ̀ta ọmọ tòmátì tó ṣí, ó lé ní irinwó tó kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n kàn rọ, wọ́n dorí kodò, ó parí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò pariwo. Ó kàn mú ọkùnrin kan tó ń mọ búlọ́ọ̀kù wá sí abẹ́ àtíbàbà, ọkùnrin yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀.

"Àbúrò mi," ni ẹ̀gbọ́n wí, "irinwó mìíràn ló kù nínú tìréè. Olóko kan ní òun ń bọ̀ wá kó wọn lóṣù tó ń bọ̀. Bí ìyẹn náà bá kú, màá gbé ibí fún oníbúlọ́ọ̀kù. Ìwọ wá jókòó síwájú, kí o máa kí oníbàárà."

Kó máa kí oníbàárà! Òun tí àwọn olóko ń tìtorí ẹ̀ wá!

Ọjọ́ tó parí ṣíṣí irinwó náà ni ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ìgò kan dé. Ọmọbìnrin náà kàwé nípa ọ̀gbìn, ibi iṣẹ́ rẹ̀ jìnnà, ọjọ́ Mọ́ńdè nìkan ló ń ráyè yà.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Oògùn gbòǹgbò nìyí. Oúnjẹ ewéko àti họ́mọ̀nù ni wọ́n pò pọ̀ sínú ẹ̀. Téèyàn bá ṣí irúgbìn, gbòǹgbò ẹ̀ á já, kò ní lè mumi dáadáa. Èyí á jẹ́ kó yọ òmíì kíá. Ìdérí kan sí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan, lọ́jọ́ méjì-méjì."

"O ní oògùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Èyí tẹ́ ẹ fi ń pa koríko ńkọ́, kí lẹ ń pè é?"

Ìyàwó rẹ́rìn-ín. "Oògùn koríko ni, mà."

"Ẹn-ẹ́n. Oògùn lèyí, oògùn nìyẹn."

Ara ti fu ú. Ṣebí ìyàwó yìí ló rí lẹ́nu géètì bó ṣe ń wọlé bọ̀, tí òun àti oníbúlọ́ọ̀kù jọ ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ìyá? Ó sì tún rí i tó fi bírò fàlà sára ìgò, níbi tí oògùn dé. Kí ló ń ṣọ́?

Bí ìyàwó ṣe lọ tán, Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ bu ìdajì ife nínú oògùn náà, kò la omi kankan sí i, ó dà á sórí koríko lẹ́yìn ògiri. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, koríko ti ká kò bí irun tó rí iná, ó sì ti gbẹ.

"Mo sọ ọ́!" Òun nìkan ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ sókè. "Wọ́n fẹ́ kí n fọwọ́ ara mi pa àwọn tòmátì mi!"

Láti ọjọ́ yẹn, omi lásán ló ń fún tòmátì rẹ̀. Àmọ́ oògùn gbọ́dọ̀ máa dín kù nínú ìgò, torí ojú tó ń ṣọ́ àlà bírò yẹn. Nítorí náà, lọ́jọ́ méjì-méjì, á bu ìdérí kan, á dà á sínú omi tó ń ṣàn ní gọ́tà, á wẹ̀yìn wò, á dé ìgò padà.

Mọ́ńdè kan kọjá, ìyàwó wo ìgò, ó mi orí pé ó dáa. Ní Mọ́ńdè kejì, kò mi orí mọ́. Tòmátì kò kú o, ṣùgbọ́n wọn ò dàgbà. Ewé wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n dúró gbagidi bí ẹni tí wọ́n ní kó má mira.

"Mà, ṣé ẹ ń lò ó?"

"Ṣé o ò rí ìgò ni?"

"Mo rí i. Ìyẹn gan-an ló ń yà mí lẹ́nu. Àfi tí ẹni tó tà á bá ti fi omi là á."

"Àwọn olè!" Ó yá a lẹ́nu jù, òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ.

Ìyàwó wò ó fìrí, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. "Èmi ni màá pò ó lónìí. Ìdérí mẹ́fà sí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Á ṣiṣẹ́ dandan."

Ó lọ pọnmi. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ yíjú sí gọ́tà. Koríko ibi tó ń da oògùn sí ti ga dé orúnkún, ó dúdú minimini, ó ń dán bí ẹni tí wọ́n fi òróró pa lára. Lókè ibẹ̀, níbi tí oògùn kò dé, koríko rí játijàti. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un, ojú rẹ̀ ló rí i. Èyí tó mu ún lógidì ló jóná. Èyí tó fi omi mu ún ló ń yọ̀.

Bí ìdérí mẹ́fà bá wá lọ sórí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ yìí ńkọ́?

Tó bá panu mọ́, wọ́n á jóná, ẹ̀bi á di ti ìyàwó. Gbogbo ilé á ní ìwé ló pa wọ́n, ọwọ́ kọ́. Ó dùn ún gbọ́ sétí. Ṣùgbọ́n oníbúlọ́ọ̀kù kò ní béèrè ẹni tó jẹ̀bi kó tó kó iyanrìn dé.

Ìyàwó ti da ìdérí kẹta.

"Dúró! Má dà á mọ́. Mi ò fún wọn."

"Ẹ ò fún ta ni?"

"Tòmátì. Gọ́tà ni mò ń fún."

"Gọ́tà?"

"Ṣé o ò rí i bó ṣe ń dán ni?"

Ìyàwó wo gọ́tà, ó wo ìgò, ó jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì òfìfo. "Háà, mà! Mo rò pé ẹ ó máa bù ú tà ni. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fàlà."

"Èmi? Olè?"

"Ẹ̀yin náà ṣáà rò pé mo fẹ́ pa irúgbìn yín."

"Mo ṣì ń rò ó."

Wọ́n da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn nù, wọ́n pọn òmíràn. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ní kí ìyàwó wọn ìdérí kan, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ bomi rin ìlà àkọ́kọ́. Ìyàwó gbà, àmọ́ ó ní ojú òun ni Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ á ti rin ìyókù. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣọ́ra wọn, láti ìlà dé ìlà, lọ́jọ́ méjì-méjì, títí kan àwọn ọjọ́ tí ìyàwó ní láti tọrọ àyè níbi iṣẹ́.

Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, ewé tuntun yọ láàárín. Nígbà tí olóko fi dé, òjìdínnírinwó ló kó lọ, ó ní òun ń padà bọ̀. Ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́ sí oníbúlọ́ọ̀kù pé kó wá ilẹ̀ síbòmíràn.

"Kí lẹ ṣe sí wọn tó fi pẹ́ kí wọ́n tó gbérí?" ni ẹ̀gbọ́n bi wọ́n.

"Gbòǹgbò wọn ló pẹ́ kó tó mú, Bàbá," ni ìyàwó dáhùn. Kò dárúkọ gọ́tà.

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ gbọ́ ọ, ara tún fu ú. Ta ní ń ṣeni lóore báyìí láìfẹ́ gba nǹkan kan? Ó tẹ̀lé ọmọbìnrin náà dé géètì.

"Ìyàwó mi, kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

"Ẹ kọ́ mi bẹ́ ẹ ṣe ń ṣí wọn, mà. Mo kà á níwèé, àmọ́ tí mo bá ṣe é, ṣe ló ń já."

Ó kọ́ ọ. Ó fi hàn án pé ewé lèèyàn ń dì mú, kì í ṣe igi rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò tì í sókè láti ìsàlẹ̀ tìréè. Ṣùgbọ́n ti pé èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bomi rin tìréè ní wákàtí kan ṣáájú, ó gbé ìyẹn mì. Ó di Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ná, lẹ́yìn tí òun bá ti bi í léèrè ohun tí ìyàwó àti oníbúlọ́ọ̀kù jọ ń rín lẹ́nu géètì.