Àwọn Tí Wọ́n Bí ní Ọjọ́ Kìíní Oṣù Kìíní

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ń dùn mí bẹ̀rẹ̀: mò ń jowú Sàdíátù. Kì í ṣe owú kékeré tí èèyàn ń fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ níwájú mi, mo máa ń dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀. Kò ṣe mí ní nǹkan kan, ohun tó sì mú kó burú nìyẹn. Ẹni tó bá ṣẹ èèyàn, èèyàn lè bá a jà kí ó tán. Ẹni tí kò ṣẹni ńkọ́, kí la fẹ́ bá a sọ?

Ọmọ Ọ̀jọ́ ni, ọmọ onílé. Kó tó di ẹni tí à ń pọ́n lé, ó ní kafé kékeré kan ní Òkokomáíkò, kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó máa ń gbé bébà mì. Ibẹ̀ ló ti ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé, tó ń bá wọn fi orúkọ sílẹ̀ fún èyí àti tọ̀hún lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àárín oníbàárà kan sí èkejì ló ti fi fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù.

Èmi Adébímpé, ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi jókòó ní yunifásítì kan náà tí mo fi kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Bàbá mi, ará Èkìtì, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, gbé ìwé ẹ̀rí mi kọ́ sí pálọ̀ wa ní Ìbà Ẹstéètì, ẹ̀gbẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀. Ìgbà tí Sàdíátù fi máa dé ọ́fíìsì Ọ̀gá Báyọ̀ ní Igbó-Elérin, níbi tí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìwé àti kílíníìkì, ọdún mẹ́ta ni mo ti lò níbẹ̀.

Kò tíì pé oṣù méjì tó dé tó fi kọ fáìlì kan. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa, ẹ ní sùúrù fún mi díẹ̀. Nínú gbogbo ètò tí a bá ń kọ, àwọn wàhálà kéékèèké kan wà tí kò ní yéé yọjú. Ẹnì kan á fi àlàfo síwájú àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀, ẹlòmíràn á fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan á kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní 3/4/58, kọ̀ǹpútà tó ń ka ọjọ́ bí àwọn ará Amẹ́ríkà á sì sọ oṣù kẹrin rẹ̀ di oṣù kẹta. Dípò kí kálukú máa tún un ṣe bó ṣe mọ̀ ọ́n, Sàdíátù kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan, kóòdù pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́, ọ̀kan fún iṣẹ́ kan. Ó dà bí ọ̀bẹ ìdáná: ẹni tó bá fẹ́ gé nǹkan á mú un, á lò ó, á dá a padà síbi tó wà.

Láti ìgbà náà, bí mo bá béèrè ọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì, ìdáhùn kan náà ni: "Lo ti Sàdíátù." Èmi náà ti kọ irú rẹ̀ rí ní ọdún àkọ́kọ́ mi. Kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà náà ni iṣẹ́ kílíníìkì ojú kan ní Ìbà dé. Dókítà kan máa ń ti Ìbàdàn wá síbẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ọjọ́ kan ṣoṣo, láti yọ awọ funfun tó bo ojú àwọn àgbà. Kílíníìkì náà fẹ́ ètò tí yóò tọ́jú orúkọ àwọn aláìsàn, tí yóò sì fi ímeèlì rán kálukú létí ọjọ́ tirẹ̀. Ọ̀gá Báyọ̀ pe àwa méjèèjì.

"Ẹ wò ó," ó ní, "ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ bá clean jù nínú ẹ̀yin méjèèjì, òun ló máa jẹ́ lead lórí project yìí. I no dey look face."

Mo fẹ́ ipò yẹn débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán. Ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n rán Sàdíátù lọ sí ilé ìwé oníbàárà wa kan ní ọ̀nà Àgbárá. Mo ṣí fáìlì rẹ̀, mo ń wá àṣìṣe. Ẹni tó bá ń wá àléébù ọmọnìkejì kì í wá a tì. Mo rí i pé kò sí ìlà kankan tó ń mú ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ sì ni irú wọn pọ̀ nínú ìwé orúkọ kílíníìkì náà.

Ṣùgbọ́n lókè fáìlì, ó kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀ tí kọ̀ǹpútà kì í kà, àwa tí à ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nìkan là ń kà á. Ó ní: "Ẹ má fi ímeèlì dá èèyàn mọ̀. Ládùúgbò wa, ímeèlì kan lè jẹ́ ti ogún èèyàn. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní kì í sì í ṣe ọjọ́ ìbí. Ó túmọ̀ sí pé a ò mọ̀ ọ́n."

Mo kà á, ó yé mi. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́, ó yé mi dáadáa. Àgbàlagbà tí kò ní ímeèlì, tó bá dé kafé, ímeèlì kafé náà ni wọ́n máa fi sílẹ̀ fún un. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, wọ́n á bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú nígbà náà, wọ́n á fi wá ọdún, wọ́n á sì fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní sí i. Gbogbo kafé ló ń ṣe é.

Mo pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Mo kọ òfin tèmi sí ipò rẹ̀: bí ímeèlì bá dọ́gba, tí ọjọ́ ìbí sì dọ́gba, ẹnì kan náà ni, kí orúkọ tó dé kẹ́yìn dúró, kí ti ìṣáájú lọ. Orúkọ ni mi ò kà sí, torí àwọn èèyàn wa ò ní yéé yí i padà, lónìí Lydia Folúkẹ́, lọ́la Ìyá Títí. Mo sọ fún ara mi pé àṣà kafé ni Sàdíátù ń kó wá sínú iṣẹ́ gidi. Irọ́ ni. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ni pé ọ̀rọ̀ tó kọ kò ní sí níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá Báyọ̀ wo ìwé orúkọ náà, ó rí bó ṣe dín kù. "Bímpé! You try. Ó clean gan-an." Orí mi wú. Mo rìn lọ síbi tí mo ti máa wọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Nílé, mo bá bàbá mi lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti funfun tán, tòsì náà ti ń tẹ̀lé e. Kò lè ka Bíbélì mọ́. Ó ti tó ọdún kan tí kò dá sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sọ fún mi pé kílíníìkì ti gba orúkọ òun, pé ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ tí dókítà ará Ìbàdàn ń bọ̀ ni wọ́n fún òun. Ó ti ní kí wọ́n bá òun lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun sílẹ̀. Mo ní a dúpẹ́. Mi ò béèrè ẹni tó bá a forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí ara rẹ̀ kì í béèrè nǹkan.

Ọjọ́bọ̀ dé. Nǹkan bí aago mọ́kànlá, fóònù mi dún ní ọ́fíìsì.

"Bímpé, wọn ò rí orúkọ mi o."

Mo ṣí ìwé orúkọ náà. Mo tẹ orúkọ bàbá mi, Joshua Ọláwálé. Kò sí.

"Dádì, ímeèlì wo lẹ fi sílẹ̀?"

"Ti Sàdíátù ni, ti kafé ẹ̀ yẹn. Òun ló ti ń bá mi ṣe gbogbo nǹkan wọ̀nyí, ó ti pẹ́. Ìwọ, iṣẹ́ ń pọ̀ lọ́wọ́ ẹ."

Mo máa sọ òótọ́, kí ilẹ̀ má mu mí. Ẹ̀rù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí, owú ni. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bàbá mi fi í síbẹ̀, kò tiẹ̀ sọ fún mi. Ìgbà tó yá ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí sọ sí mi lọ́kàn. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ìyá bàbá mi ò mọ ọjọ́ tó bí i. Ohun tó máa ń sọ ni pé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé agogo kọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wọn ni. Ìgbà tí bàbá mi máa gba iṣẹ́ ìjọba, wọ́n ní kó lọ búra ọjọ́ ìbí ní kóòtù, ó sì búra sí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ọdún 1952.

Mo wo ẹ̀dà ìwé orúkọ àtijọ́. Èèyàn márùn-ún ló ní ọjọ́ yẹn àti ímeèlì kafé. Òfin mi ti sọ wọ́n di ẹyọ kan: Bàbá Gbàdàmọ́sí ti Ọ̀jọ́, ẹni tí orúkọ rẹ̀ dé kẹ́yìn. Ẹni tó gbẹ́ kòtò ni í jìn sí i, a máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò sọ fún mi pé bàbá ẹni ló máa kọ́kọ́ jìn.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Sàdíátù padà sí ọ́fíìsì. Mo lọ dúró níwájú tábìlì rẹ̀.

"Sàdíátù, orúkọ bàbá mi ti kúrò nínú list kílíníìkì. Dókítà máa lọ tó bá di aago mẹ́rin."

Kò bi mí ní ìbéèrè kan. Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ó fa ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya jáde nínú báàgì, ó ní, "Àǹtí Bímpé, ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ kẹ̀kẹ́."

Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì ò fẹ́ gbọ́ tiwa. "Tí kò bá sí nínú computer, kò sí níbì kankan nìyẹn."

Sàdíátù ṣí ìwé rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti bá forúkọ sílẹ̀ ní kafé ló wà níbẹ̀, orúkọ, ilé, àti ohun tí wọ́n sọ nípa ìbí wọn. "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó. Èèyàn márùn-ún ni, wọn kì í ṣe ẹyọ kan. Bàbá Gbàdàmọ́sí nìyí, ọdún tí odò gba ilé wọn ni wọ́n bí wọn. Màmá Maimunat nìyí. Joshua Ọláwálé, Ìbà Ẹstéètì, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé agogo ṣọ́ọ̀ṣì kọ́."

Ọ̀rọ̀ agogo yẹn, mo rò pé ilé wa nìkan ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Mo gbé ojú kúrò.

Bàbá Gbàdàmọ́sí náà bá wa dá sí i látorí àga rẹ̀ pé òótọ́ lọmọ náà ń sọ. Nọ́ọ̀sì lọ bá dókítà, dókítà sì gbà. Sàdíátù bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó kù lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni méjì sáré dé. Màmá Maimunat ò bá a, ó di oṣù mẹ́ta sí i, ojú ìyá yẹn sì wà lọ́rùn mi títí dòní. Aago mẹ́ta ti kọjá nígbà tí wọ́n mú bàbá mi wọlé, òun ni wọ́n ṣe kẹ́yìn.

A jókòó, èmi àti Sàdíátù. Mo ní, "O ò tíì bi mí ẹni tó ṣe é."

"Mo ti rí i láti ọ́fíìsì," ó ní. Iṣẹ́ wa ò ṣeé fi pamọ́. Ẹni tó bá pa ìlà kan rẹ́, ìwé àkọsílẹ̀ á kọ àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀ àti ọjọ́ tó ṣe é. "Àdírẹ́sì yín ló wà níbẹ̀, Àǹtí. Mi ò ní sọ fún Ọ̀gá. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ ọ́."

Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Mo sọ fún Ọ̀gá Báyọ̀ ní ọjọ́ kejì, mo dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà sókè fáìlì bó ṣe kọ ọ́, Sàdíátù sì di lead.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, bàbá mi jáde pẹ̀lú báńdéèjì lójú ọ̀tún. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá wa.

"Ta ló pa orúkọ mi rẹ́?"

Sàdíátù wo ilẹ̀. Mo ní, "Èmi ni, Dádì."

Ó na ọwọ́ síwájú, mo sì dìde láti dì í mú.

"Kì í ṣe ìwọ," ó ní. "Sàdíátù dà?"

Sàdíátù di ọwọ́ náà mú. Bàbá mi wá na báàgì rẹ̀ sí mi, mo gbà á. Wọ́n ń lọ níwájú, Sàdíátù ń sọ ibi tí kòtò wà fún un, bàbá mi náà ń rọra gbẹ́sẹ̀. Mo gbé báàgì tẹ̀lé wọn. Owú ṣì ń jẹ mí, mi ò sì rẹ́ni tí mo fẹ́ bá jà.