Ta Ló Tún Kọ̀ǹpútà Dókítà Ṣe?

Ṣé ẹ tún gbọ́ ohun tí Ẹnjiníà ń sọ kiri? Pé òun ló so kọ̀ǹpútà ilé Dókítà ní Bódìjà mọ́ ti ilé ìwòsàn wọn ní Ring Road. Òun! Òun tó jẹ́ pé táì nìkan ló mọ̀ ọ́n so!

Ọ̀dọ̀ Dókítà làwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Mi ò lọ yunifásítì kankan, kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́ ni mo ń tú palẹ̀ ní Agbówó títí mo fi mọ inú ẹ̀. Òun mú sátífíkéètì wá, ó wọ táì, làwọn nọ́ọ̀sì bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ẹnjiníà. Èmi ńkọ́? "Bọ̀dá kọ̀ǹpútà, ẹ wá bá wa yọ bébà tó há sínú prínńtà." Ó ń dùn mí, mi ò ní parọ́.

Dókítà fẹ́ máa wo fáìlì àwọn aláìsàn láti ilé. Módẹ̀mù, ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifóònù, kan wà nílé, ọ̀kan wà níbi iṣẹ́. Tilé á gba wáyà tẹlifóònù pe tibi iṣẹ́, gbogbo ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà ibí á sì yọ lójú tọ̀hún. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò ṣiṣẹ́. Dókítà wá ní ẹni tó bá tún un ṣe lòun máa fi ṣe ọ̀gá kọ̀ǹpútà ní ẹ̀ka tuntun wọn ní Challenge.

Ta ni wọ́n fi mọ́tò gbé lọ sí Bódìjà? Ẹnjiníà. Èmi, wọ́n ní kí n jókòó ti módẹ̀mù ní Ring Road, kí n máa ṣọ́ iná ẹ̀. Bíi mẹ́gádì! Mo sì mọ̀ pé wọ́n á ti gbé ráìsì àti adìyẹ síwájú ẹ̀ lọ́hùn-ún.

Láìnì dún. Módẹ̀mù gbé e, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í han síra wọn, ó já. Ó tún pè, ó tún já. Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Inú bí mi, mo gbé fóònù ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sétí. Ohùn ìyá àgbà kan ni mo gbọ́ láàárín ariwo:

"Hẹ̀lóò! Ọmọ mi, kí ló ń han báyìí? Ṣé inú bàálù lo wà ni?"

Ìyá Dókítà ni! Fóònù kan wà ní pálọ̀ ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ń jókòó sí, láìnì kan náà ni. Bí módẹ̀mù bá ti ń tẹ nọ́ńbà lókè, fóònù Màmá á dún tín-tín-tín, wọ́n á rò pé ọmọ wọn tó wà ní London ló ń pè. Kí wọ́n tó rọra dìde lórí àga, àwọn módẹ̀mù á ti máa bára wọn sọ̀rọ̀. Màmá á gbé e, ó parí nìyẹn. Ẹnjiníà sì wà lókè, ó ń tú wáyà.

"Màmá, ẹ káàsán mà. Láti ilé ìwòsàn ni. Ẹ jọ̀ọ́ mà, tẹ́ ẹ bá tún gbọ́ tín-tín, ẹ má gbé e. Kọ̀ǹpútà ló ń pè."

"Kọ̀ǹpútà ń pe ta?"

"Kọ̀ǹpútà ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ni mà."

"Háà! Àwọn náà ti wá ń kíra wọn! Kò burú, mo gbọ́."

Ó tún dún. Iná módẹ̀mù tàn, kò kú mọ́. Mo fò sókè.

Nírọ̀lẹ́, Dókítà àti Ẹnjiníà jọ wọlé. Dókítà ń gbá a léjìká. "Ọmọ yìí mọṣẹ́ o! Wáyà kan péré ló yí, ó ṣe é!" Àwọn nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń tún táì ṣe. Ojú mi ṣú.

"Irọ́ ni! Wáyà wo? Ìyá yín ló ń dí i lọ́wọ́! Èmi ni mo ní kí wọ́n má gbé fóònù mọ́!"

Dókítà yọ awò ojú wọn.

"Ìyá mi ló ń dí i lọ́wọ́? Ìwọ lò ń pàṣẹ fún ìyá mi nínú ilé mi?"

Mo dọ̀bálẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi. Ẹnjiníà ló lọ Challenge. Ó tún wá bá mi níbi tí mo ti ń yọ bébà tó há, ó ní, "Ká ní o rọra sọ ọ́ fún mi ni, mi ò bá bá ẹ gbé e kalẹ̀ fún wọn dáadáa."

Kó bá mi gbé e kalẹ̀! Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n dárúkọ Màmá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á yìí, kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ iṣẹ́ yín fún ẹlòmíì lójú yín, ṣé ẹ máa dákẹ́ ni?