Ìdọ̀bálẹ̀ Inú Ilé Ooru

Òórùn bílíìṣì ló kọ́kọ́ ń pàdé ẹni lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn náà òórùn pákó tó tutù, lẹ́yìn náà òróró kan tó ń ta sí imú bí àbóníkì. Tí o bá kúrò ní Powis Street, ní Woolwich ní ìlú London, tí o yà sí ọ̀nà tóóró kan lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀kùn dúdú kan wà níbẹ̀ nígbà náà, "Sauna" nìkan ni wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn ilé ooru tí èèyàn ti ń jókòó làágùn. Inú ibẹ̀ ni mo ti ń fọ táwẹ̀lì. Èyí tí mo fọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n bá so wọ́n pọ̀, á ti Woolwich dé Abẹ́òkúta, á sì kù tí wọ́n á fi wé gèlè fún òkúta Olúmọ. Má rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti ẹ̀rín.

Àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn ló ń wá síbẹ̀. Ohun tí àgbàlagbà bá ń ṣe nínú yàrá kò kàn mí. Aṣọ ni wọ́n gbà mí fún. Ṣùgbọ́n níwájú, níbi tí kẹ́tùlù wà, mo rí ohun tí n kò rò pé mo máa rí. Àwọn arúgbó á jókòó pẹ̀lú táwẹ̀lì nídìí, wọ́n á máa jẹ búrẹ́dì yíyan, wọ́n á máa ṣàròyé orúnkún. Nọ́ọ̀sì kan máa ń wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun nìkan ló wọ aṣọ. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin tí òun àtirẹ̀ jọ gbé títí irun wọn fi funfun kú, ẹbí olóògbé kò jẹ́ kí ó dé ibi ìsìnkú. Ilé ooru yìí ni wọ́n ti bá a ṣọ̀fọ̀. Bí ojú ẹnì kan bá sì wọ́n fún ìgbà díẹ̀, ẹni tó ni ilé náà á wọ kóòtù, á lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá bàbá kan nílẹ̀ ilé ìdáná rẹ̀ ní South Thamesmead, tí ẹ̀mí ṣì wà lára rẹ̀. Èmi náà ṣàìsàn rí. Mo dùbúlẹ̀ títí ara mi fi yá, kò sẹ́ni tó mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pé mi ò wá.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún, mánéjà hòtẹ́ẹ̀lì ni mo pe ara mi. Omi gbígbóná wà, àlejò wà, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ mi, kí ló kù? Wọn kì í gba ìtàn mi gbọ́, pàápàá ti ẹja tí mo fà jáde nínú odò Thames tó fi èdè Ìjẹ̀bú bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ti mánéjà yìí wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n fi mí sáàárín àwọn àgbà níwájú.

Ọ̀sán Sátidé kan ni mo gbé táwẹ̀lì tó mọ́ wọlé. Ọkùnrin kan tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ti inú ooru jáde, omi ń kán lára rẹ̀. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Kí ọpọlọ rẹ̀ tó sọ fún un ibi tó wà, àyà rẹ̀ ti kan ilẹ̀: "Ẹ káàsán sà, Daddy." Àwọn òyìnbó rò pé ó dákú ni, ẹnì kan ti ń pariwo omi.

Mo mọ̀ ọ́n. Físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló gbé e wá, yàrá kan ló sì gbà nílé Auntie kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ní Yarnton Way. Auntie yìí ló bá a wá iṣẹ́. Òun náà ló ń bá ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí etí Auntie bá gbọ́ ibi tí mo ti rí i, ilé á bọ́, iṣẹ́ á mì, ìròyìn á sì dé ọ̀dọ̀ ìyá kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tó rántí ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí, kò lè dìde mọ́.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́," ó ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀, "Auntie á lé mi. Màmá mi á gbọ́."

Mo ní kó dìde, pé bílíìṣì tí mo fi nu ilẹ̀ yẹn á bó o láwọ. Kò rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ló gbé tíì wá, tó jókòó tì í láìbéèrè ohunkóhun.

Ẹnu mi kọ́ ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń ti ọjà bọ̀ ló rí ọkùnrin náà lẹ́nu ilẹ̀kùn dúdú yẹn, ó sì lọ sọ fún Auntie. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo rí Auntie àti ọkùnrin náà níwájú mọ́tò Auntie. Ohùn Auntie kò ròkè, ìyẹn ló burú. Ó ní kó sọ ohun tó lọ ṣe níbẹ̀, tàbí kó lọ kó ẹrù rẹ̀. Ọkùnrin náà ń wo bàtà ara rẹ̀. Mo lè kọjá lọ sídìí bọ́ọ̀sì jàre, kò sẹ́ni tó pè mí.

"Èmi ni mo pè é síbẹ̀," ni mo wí. "Ẹ̀yìn ń dùn mí, ó wá bá mi gbé ẹrù."

"Síbo, Daddy? Sí hòtẹ́ẹ̀lì yín?"

"Kò sí hòtẹ́ẹ̀lì kankan, Sister mi. Táwẹ̀lì ni mo ń fọ̀ níbẹ̀, ó ti pẹ́."

Ó wo ọwọ́ mi tí bílíìṣì ti bó. Ó wo ojú ọkùnrin náà, ìyẹn pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò.

"Wọlé, ọbẹ̀ ti ń tutù," ó sọ fún un. Ó wá yíjú sí mi. "Daddy, ohun tí ẹ sọ ni mo gbọ́. Mi ò ní bi ẹlòmíì."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìròyìn táwẹ̀lì mi ti tàn ká ṣọ́ọ̀ṣì, ẹlòmíì sì ti wà lórí àga mi láàárín àwọn àgbà. Kò sẹ́ni tó bú mi. Wọ́n kàn ń fi ìka méjì bọ̀ mí lọ́wọ́. Ilé ooru náà ti di fúláàtì báyìí, àwọn arúgbó ibẹ̀ sì ti fọ́n ká. Mo máa ń ronú ẹni tó ń bá wọn mu tíì. Ọkùnrin yẹn gbé nílé Auntie títí ó fi rí ilé tirẹ̀ gbà.

Irọ́ tí mo ti pa láyé kò lóǹkà, kí àwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín ni mo sì ṣe pa púpọ̀ nínú wọn. Èyí nìkan ni mo mọ̀ tí èèyàn sùn sábẹ́ rẹ̀ tí òjò kò pa á. N kò sì tíì mọ̀ títí dòní bóyá Auntie gbà á gbọ́, tàbí ó mọ̀ pé irọ́ ni, tí òun náà sì fi èjìká gbé apá kejì rẹ̀.