Mo Sùn, Wọ́n Ní Mò Ń Gbàdúrà

Ní gbogbo Jikwoyi, láti ibi tí a ti ń yà kúrò ní Nyanya títí dé ibi tí ọ̀nà ti dorí kọ Karshi, kò sí ẹni tó tíì sùn nínú ilé Ọlọ́run tó mi. Mi ò fi ṣògo o. Ẹ̀bùn ni. Bí ẹnì kan ṣe ń kọrin, tí ẹlòmíràn ń tẹ dùùrù, bẹ́ẹ̀ ni èmi ṣe ń sùn. Tí mo bá ti hanrun lórí àga tó wà lẹ́yìn pátápátá, páànù òrùlé á máa gbọ̀n, àwọn ẹyẹlé tó wà lórí rẹ̀ á gbéra, wọ́n á fò lọ bá ọmọ mi ní Durumi, wọ́n á ní kó fọkàn balẹ̀, bàbá rẹ̀ ti sùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo lọ, mi ò sì parí rẹ̀, torí ìṣirò fẹ́ pa mí, èmi náà sì tètè sá fún un. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣọ́ géètì ilé ìkẹ́rù kan ní Idu, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, kí n tó fẹ̀yìn tì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ irọ́ pa. Ẹni tó bá jókòó ti géètì láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò bá parọ́, á máa bá géètì sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ tèmi kì í tú ilé. Mi ò fi gba nǹkan ẹni, mi ò fi ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Iyọ̀ ni mo fi ń sí ọbẹ̀ ayé.

Ìyá àwọn ọmọ mi ló ń gbọ́ wọn. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, á gbé oúnjẹ síwájú mi, á fi ọwọ́ tẹ ìdérí abọ́ náà mọ́lẹ̀, á ní, "Ẹ kọ́kọ́ parọ́ tòní tán kí ẹ tó jẹun. Ẹnu kan kì í ṣe iṣẹ́ méjì."

Màá ní, "Lónìí, ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ Kaduna kọ̀, kò lọ. Wọ́n ṣe é títí, kò mira. Gbogbo ẹnjiníà yí i ká, wọ́n ń họ orí. Wọ́n wá ránṣẹ́ pè mí ní géètì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo wo abẹ́ rẹ̀. Ìgbín kan ló jókòó sórí irin. Mo ní, 'Sànnu.' Ó ní, 'Yauwa.' Mo ní kó dákun, kó yẹra fún àwọn tó ń rìnrìn àjò. Ó yẹra, ọkọ̀ sì gbéra."

Á wò mí láìrẹ́rìn-ín. "Ìgbín wo ló gbọ́ Háúsá?"

"Àbújá là ń gbé. Kí lẹ fẹ́ kó máa sọ?"

Ìgbà yẹn ló máa tó gbé ọwọ́ kúrò lórí abọ́, á sì rẹ́rìn-ín títí á fi máa fi etí ìró nu ojú.

Ó kú. Mi ò ní fa ìyẹn gùn. Àìsàn náà ò pẹ́, àwọn dókítà ṣe tiwọn, a gbé e lọ sílé ní Kogi, a sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀. Mo padà wá bá àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa.

Oorun ló kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀. Màá dùbúlẹ̀, ojú mi á là kalẹ̀ bí ojú ẹja inú yìnyín. Oúnjẹ tẹ̀ lé oorun lọ. Lẹ́yìn náà ni àdúrà. Màá kúnlẹ̀, màá ní, "Olúwa," màá sì dúró kí ọ̀rọ̀ kejì dé. Kò ní dé. Màá dìde. Ṣùgbọ́n èyí tó wá bà mí lẹ́rù jù ni pé irọ́ mi gbẹ. Àwọn ará ilé á kó ara jọ sábẹ́ igi máńgòrò lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ sọ ti ìgbín ìjọ́sí fún wa." Màá la ẹnu, màá ní ọkọ̀ ojú irin máa ń lọ Kaduna láti Idu. Ó tán. Òótọ́ lásán ló kù lẹ́nu mi. Mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣe mí.

Ọmọ mi obìnrin, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, tó ń gbé ní Durumi, wá wò mí. Ó wo bí ṣòkòtò ṣe ń yọ̀ bọ́ ní ìdí mi.

"Dádì, tí mo bá padà wá níparí oṣù, tí ẹ ṣì wà báyìí, mò ń kó yín lọ sọ́dọ̀ mi ni. Ẹ fẹ́, ẹ kọ̀."

"Kí n wá máa ṣe kí ni ní Durumi?"

"Ẹ máa jẹun, ẹ máa wo tẹlifíṣọ̀n, ẹ máa bá àwọn ọmọ ṣeré."

"Àwọn ọmọ rẹ ò gbọ́ Yorùbá."

"Wọ́n ń gbọ́ ọ, Dádì. Wọn ò kàn lè sọ ọ́ ni."

"Bí èmi náà ṣe wà báyìí nìyẹn."

Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín. Omi ló wá sójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ Durumi là ń sọ. Ẹ̀rù ń bà á pé òun máa sin bàbá kí ewéko tó hù lórí sàréè ìyá. Mo fẹ́ ṣèlérí fún un pé mi ò ní kú. Kò sí irọ́ tí mo lè fi sọ ọ́.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ooru mú. Iná ti lọ látàárọ̀. Aláǹgbá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń wo sálúbàtà mi bí ẹni tó fẹ́ yá a kọjá títì. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní fáànù tó ń lo sólà, ohun tó gbé mi lọ síbẹ̀ nìyẹn. Mi ò ní parọ́ lórí eléyìí. Ọjọ́rú ni àwọn obìnrin ìjọ máa ń gbààwẹ̀. Wọ́n á wá ní ọ̀sán, wọ́n á kọrin, wọ́n á gbàdúrà, tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á fi ògì gbígbóná àti àkàrà ṣínu. Mo jókòó sẹ́yìn níbi tí fáànù ń fẹ́ dé, mo gbé orí lé ẹ̀yìn àga tó wà níwájú mi, kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí pé kí ni mo wá ṣe láàárín obìnrin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin kan, ọ̀kan nínú àwọn orin àtijọ́ tí kì í kánjú. Ẹsẹ àkọ́kọ́ ni mo gbọ́ mọ.

Nígbà tí mo ṣí ojú, oòrùn ti gba ojú fèrèsé kejì wọlé, Ìyá Ìjọ sì dúró tì mí pẹ̀lú ife ògì lọ́wọ́. Àwọn ni olórí àwọn obìnrin náà, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ará ọ̀dọ̀ wa ní Kogi.

"Òkun o, Bàbá," ni wọ́n wí. Bí a ṣe ń kíra wa lọ́dọ̀ tiwa nìyẹn. Ìkíni yẹn wúlò fún ọ̀fọ̀, ó wúlò fún ayọ̀. "Ẹ kú àdúrà. Ẹ wá ṣínu."

Ààwẹ̀ wo? Èmi tí mo ti fi tíì ti búrẹ́dì díẹ̀ sọ́nà ọ̀fun láàárọ̀. Mo la ẹnu láti ṣàlàyé, òórùn àkàrà wọ̀ mí nímú, àlàyé bá sá lọ. Mo mu ògì yẹn tán. Mo jẹ àkàrà. Mo tún na ọwọ́.

Láti ọjọ́ náà, tí Ọjọ́rú bá ti dé, màá ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó ṣí i. Màá sùn bí òkúta inú odò. Tí mo bá jí, wọ́n á ní mo kú àdúrà, màá mi orí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè bọ̀, màá jẹun. Inú mi ń dùn bí olè tó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, ọ̀dọ́bìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ, tiẹ̀ wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Bàbá, tí ẹ bá tún wọ inú ẹ̀mí lọ báyẹn, ẹ dákun, ẹ rántí ọkọ mi. Wọ́n fẹ́ dín èèyàn kù níbi iṣẹ́ wọn."

Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tí mo délé, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Olúwa," mo sì ń dúró bí mo ṣe máa ń dúró. Ọ̀rọ̀ kejì bá dé. "Olúwa, ọkọ ọmọ yẹn o." Àdúrà tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi lẹ́yìn ìsìnkú nìyẹn. Kì í ṣe tèmi. Mi ò tilẹ̀ mọ orúkọ ẹni tí mò ń gbà á fún.

Ọjọ́rú kan wá wà tí oorun náà ò tètè dé. Mo ti gbé orí lé àga, mo ti dijú, mò ń dè é. Mo gbọ́ ẹsẹ̀. Ẹnì kan fa fáànù súnmọ́ mi, ó kọ ojú rẹ̀ sí mi lẹ́yìn ọrùn. Ẹlòmíràn rọra ti nǹkan rírọ̀ kan sábẹ́ iwájú orí mi. Ìrọ̀rí ni. Mo sì ti máa ń bá ìrọ̀rí yẹn níbẹ̀ tí mo bá jí, mo rò pé ti ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Ohùn kan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Màmá, ṣé ká bẹ̀rẹ̀ orin?"

"Rárá," ni Ìyá Ìjọ wí. "Ẹ jẹ́ kí Bàbá hanrun ná."

"Tí wọn ò bá hanrun ńkọ́?"

"Wọ́n á hanrun. Tí ẹ bá ti gbọ́ ọ, kí ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ rọra. Kò sí àtẹ́wọ́. Ẹni tí kò rí oorun sùn láti ìgbà tí ìyàwó ti lọ, ẹ̀yin náà fẹ́ fi ìlù jí i."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín sínú. "Màmá, àkàrà tí Bàbá jẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá ju ti ẹni tó gbààwẹ̀ lọ o."

"Ṣé o ti wá di ẹni tó ń ka àkàrà mọ́ àgbàlagbà lẹ́nu? Lọ po ẹ̀wà sí i."

Orí mi wú. Gbogbo wọn ló mọ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti mọ̀. Èmi tí mo rò pé mò ń tan odindi ìjọ jẹ, ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń gbá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bíi ti ọmọ ọwọ́. Wọ́n ń gbààwẹ̀ tiwọn, ebi ń pa wọ́n, wọ́n sì ń rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí mi. Ojú tì mí, mo fẹ́ dìde kí n máa lọ sílé. Omi ti ń rin ìrọ̀rí. Tí mo bá dìde, wọ́n á rí ojú mi, wọ́n á mọ̀ pé mo gbọ́, ojú á ti àwọn náà.

Ni mo bá hanrun. Hanrun irọ́ ni. Mo fà á gùn, mo fi súfèé díẹ̀ sí i ní ìparí. Irọ́ àkọ́kọ́ tó ti ẹnu mi jáde láti ìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti lọ nìyẹn. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin, jẹ́jẹ́ bí omi tó ń gba abẹ́ koríko kọjá. Kí wọ́n tó parí ẹsẹ àkọ́kọ́, hanrun náà ti di òótọ́.

Nígbà tí mo jí, Ìyá Ìjọ dúró sí ààyè wọn pẹ̀lú ife àti abọ́, ojú wọn le bí ojú adájọ́. "Òkun o, Bàbá. Ẹ kú àdúrà."

"Àdúrà tòní le," ni mo wí. "Mo dé ọ̀run."

Àwọn obìnrin náà yí ojú padà. Ìyá Ìjọ ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Kí lẹ rí níbẹ̀?"

"Géètì ni mo bá. Kò ṣí. Àwọn áńgẹ́lì yí i ká, wọ́n ń họ orí. Wọ́n ní, 'Ìwọ lo ṣọ́ géètì ní Idu, wá wò ó.' Mo dọ̀bálẹ̀, mo wo abẹ́ rẹ̀. Ìgbín kan tí mo mọ̀ rí ló wà níbẹ̀. Mo ní, 'Sànnu.' Ó ní, 'Kai, kí lo wá ṣe níbí? Padà, ògì rẹ ń tutù.'"

Ẹ̀rín gba ilé náà. Èyí tó ń ka àkàrà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo sì ní púpọ̀ sí i láti sọ. Mo gbọ́ bí irọ́ ṣe ń tò sí ọ̀nà ọ̀fun mi, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí èrò ọkọ̀ ojú irin. Ìyá Ìjọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣí ìdérí abọ́, wọ́n sì gbé e lé mi lórí itan.

"Bàbá, ẹ jẹun ná. Irọ́ tó kù á dúró dè yín."

Mo ronú lórí ọ̀rọ̀ yẹn títí mo fi délé. Ìyá àwọn ọmọ mi máa ń ní kí n parọ́ kí n tó jẹun. Mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run náà ṣe rí, pé ó fi ọwọ́ bo abọ́, ó ń retí kí n rí ọ̀rọ̀ gidi kan sọ kó tó ṣí i. Kò retí nǹkan kan. Nígbà tí ẹnu mi kú, ó ní kí n sùn. Nígbà tí mo jí, ó ní kí n jẹun. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó di pé mo rí ọ̀rọ̀ sọ, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì jẹ́ irọ́, kò lé mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Olúwa, o ṣeun." Mo sùn nílé lọ́jọ́ náà.

Níparí oṣù, ọmọ mi gbé mọ́tò dé pẹ̀lú àpò ńlá kan tó fẹ́ fi kó aṣọ mi. Ó bá mi lábẹ́ igi máńgòrò, èrò yí mi ká. Nínú irọ́ tí mò ń pa fún wọn, mo ti dé ibi tí aláǹgbá ti ń dá sálúbàtà mi padà, tó ń ṣàròyé pé ó fún un lẹ́sẹ̀. Kò pè mí. Ó fi àpò náà ṣe ìjókòó, ó gbọ́ ọ dópin, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, bí ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́.

"Dádì, ara yín ti padà. Oògùn wo lẹ lò?"

"Ààwẹ̀ ni. Mò ń gbààwẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú."

Ó wo ikùn mi, ó wo ṣòkòtò tí kò yọ̀ mọ́. "Ààwẹ̀ wo ló ń mú èèyàn sanra?"

Mo wo òun náà dáadáa. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Èmi tí mò ń ṣọ̀fọ̀ ìyàwó, mo ti gbàgbé pé òun náà ń ṣọ̀fọ̀ ìyá. Mo ní kó tọrọ àyè níbi iṣẹ́ ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, kó bá mi lọ, kó sì mú ìrọ̀rí tirẹ̀ dání.