Fóònù Inú Ìrẹsì

Oṣù mẹ́jọ péré ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Igbókòdá, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi yọ àwọn ará ilé wa lẹ́nu nítorí ẹ̀. Bí mo bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ugbónlà, ìlú wa, kí n tó bu omi mu ni mo ti ń yẹ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n wò. Ta ló gbé e sún mọ́ fèrèsé? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé atẹ́gùn òkun ń jẹ irin ni? Ta ló tún da aṣọ bo fíríìjì bí ìyàwó tuntun? Ìyá mi á rọra ká aṣọ náà kúrò. Bí mo bá ti padà sí Igbókòdá, á tún dá a padà.

Bàbá mi ni mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Apẹja ni, òfin kan ṣoṣo ló sì ní fún gbogbo ohun tó ń lo iná tàbí epo: bí omi iyọ̀ bá ti kàn án, fi omi òjò ṣàn án kíá, kí iyọ̀ má bàa gbẹ mọ́ ọn lára. Bó ṣe ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Bó bá ti òkun dé, kò ní jẹun, kò ní jókòó, á bu omi òjò nínú dúrọ́ọ̀mù, á ṣan ẹ́ńjìnnì náà tinú-tẹ̀yìn. Ó ti ṣe rédíò bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti ṣe tọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé bí wọ́n bá fún bàbá mi ní kọ̀ǹpútà, á kọ́kọ́ wẹ̀ fún un ná, á wá fi pàùdà sí i. A máa ń rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ta ni kó bá a ṣe é bí kò ṣe èmi ọ̀mọ̀ràn? Orí fóònù mi ni mo ti kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó mú ìwé àti báírò wá kó lè kọ páswọ́ọ̀dù sílẹ̀, mo gba báírò lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní ta ló ṣì ń kọ irú ẹ̀ sínú ìwé láyé tá a wà yìí? Ibi tá à ń gbà wọ íńtánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù, tí wọ́n ń pè ní bùráúsà, á bá wa rántí ẹ̀. Bùráúsà náà ti bi mí bóyá kí òun tọ́jú ẹ̀, mo sì ti tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ti í-meèlì náà wà níbẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, bí fóònù bá wá bàjẹ́ ńkọ́?”

Mo ní kó má fẹnu burúkú bá mi sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ilé ẹ̀kọ́ náà gbé orúkọ àwọn tó wọlé jáde, tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá mi sunkún ayọ̀. Wọ́n ní kó wọlé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó tẹ̀ ẹ́ pé òun gba àyè náà kí ọjọ́ Ẹtì tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á fún ẹlòmíràn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa nílé, mo ní a máa ṣe é ní Igbókòdá lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Àìkú, mo bẹ̀rẹ̀ lórí afárá pákó iwájú ilé wa láti gbé báàgì, fóònù yọ lápò àyà mi, ó di inú omi. Omi òkun ló sì kún abẹ́ ilé lọ́jọ́ náà.

Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló fi àwọ̀n kékeré gbé e jáde. “Yọ bátìrì ẹ̀,” ó wí. “Gbé e wá, kí n fi omi òjò ṣàn án.” Ó ti bu omi sínú abọ́.

Àwọn aládùúgbò ti pé jọ, ẹnu sì ń yún mi. Mo ní, “Bàbá, fóònù nìyí o, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì da omi náà nù.

Ìrẹsì ni mo bèèrè. Ṣebí gbogbo ayé ló ń sọ ọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ìrẹsì ló ń fa omi inú fóònù. Mo ri í mọ́ inú ìrẹsì ìyá mi, mo kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ mẹ́ta. Púpurù, oúnjẹ tá a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, la ń jẹ láàárọ̀, púpurù la ń jẹ lálẹ́. Ìyá mi bi mí pé, “Ìrẹsì ń fa omi, mo gbọ́. Ṣé ó ń fa iyọ̀ náà ni?” Mo tún bu ìrẹsì lé e lórí.

Ní Ọjọ́rú, fóònù ò tàn. Èmi àti àbúrò mi gbé e lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Igbókòdá. Ó tú u, inú ẹ̀ ti dógùn-ún, ó ti di àwọ̀ ewé. Ó bi mí bóyá omi iyọ̀ ló wọ̀ ọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Kí ló dé tí ẹ ò yọ bátìrì, kí ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án lójú ẹsẹ̀?”

Àbúrò mi dúró tì mí. Kò wojú mi.

A lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a tẹ̀ ẹ́ pé a ti gbàgbé páswọ́ọ̀dù. Wọ́n ní àwọn ti fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí í-meèlì. Páswọ́ọ̀dù í-meèlì wà nínú fóònù tó kú. Í-meèlì ní òun á fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí láìnì tí mo fi ṣí i, láìnì yẹn sì ti sọnù lọ́wọ́ mi tipẹ́. A pààrà ibẹ̀ títí, ọjọ́ Ẹtì parí mọ́ wa lórí ìjókòó níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pè mí ní ọ̀gá.

Odidi ọdún kan ni àbúrò mi fi bá ìyá wa yan ẹja. Kò bú mi rí. Ì bá bú mi, ì bá tù mí lára. Nígbà òjò, fóònù kékeré bàbá mi jábọ́ sómi, ó fi omi òjò ṣàn án, ó sá a sórí páànù. Òun ló ṣì fi ń pè mí dòní. Ojú máa ń tì mí kí n tó gbé e.

Lọ́dún yìí, àbúrò mi tún gba fọ́ọ̀mù, ó sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo rí ìwé kan tó fi ọ̀rá wé, tó so kọ́ ìṣó lára ògiri. Mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Mo la ẹnu, mi ò tíì sọ nǹkan kan.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó wí jẹ́jẹ́, “ẹ dákun, ẹ má gbà mí nímọ̀ràn.”

Mo pa ẹnu dé. Ìyá mi dìde, ó mú aṣọ, ó fi bo fíríìjì lójú mi.